Àwọn Àṣìṣe Tó Máa Ń Ba Zine Jẹ́ Kó Tó Dé Ọwọ́ Òǹkàwé

Zine ni ìwé ìròyìn kékeré tí èèyàn kan tàbí ọ̀rẹ́ méjì-mẹ́ta kọ fúnra wọn, tí wọ́n gé, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1991 sí 1994, ó gbilẹ̀ gan-an, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin riot grrrl, ìyẹn àwọn olórin punk àti ọ̀rẹ́ wọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, ní ìlú Olympia àti Washington D.C. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà yóò bá àwọn àṣìṣe kan náà pàdé.

Èyí tó burú jù kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán. Ti ìṣirò ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ̀wé títí á fi tán kí wọ́n tó bèèrè iye bébà tó máa gbà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bébà Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ jẹ́ ínṣì 8½ sí 11. Tí ẹ bá ká a sí méjì, ojú ìwé mẹ́rin ló ń fún yín. Ẹni tó kọ ojú ìwé 21 ti ní ojú ìwé mẹ́ta tó ṣófo nìyẹn.

Ìwọ̀n ló kàn. Bébà fọ́tókọ́pì lásán 500 wọn áúnsì 80, nítorí náà bébà 6, tó jẹ́ ojú ìwé 24, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áúnsì kan. Àpòòwé tí ẹ bá fi í sí ló máa tì í kọjá. Láti February 1991 títí dé ìparí 1994, sítáǹpù áúnsì àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ́ǹtì 29, èyí tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ 23. Bí ẹ̀rọ bá ń gba sẹ́ǹtì 5 lójú bébà kan, ojú 12 di sẹ́ǹtì 60. Sítáǹpù di 52. Ẹni tó bá ta zine yìí ní dọ́là kan, tó sì fi owó ìfìwéránṣẹ́ sínú rẹ̀, ń pàdánù sẹ́ǹtì 12 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn tó ń béèrè rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ń ga. Ẹ dín in kù sí bébà 5, ẹ fi téèpù dì í láìlo àpòòwé, ẹ sì fi èèpo ẹ̀yìn sílẹ̀ fún àdírẹ́sì àti sítáǹpù. Ní iye owó ìgbà náà, sẹ́ǹtì 79 péré ló máa ná yín.

Ẹ má fi orí ro ètò ojú ìwé. Ẹ ká bébà òfìfo márùn-ún pọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá tú wọn. Ẹ ó rí i pé 20 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1, pé 2 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 19. Méjì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 21 tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀.

Nídìí ẹ̀rọ, etí bébà ni ọ̀rọ̀ máa ń sọnù sí, torí pé ẹ̀rọ kì í tẹ̀ ẹ́ dé ìpẹ̀kun. Ẹ fi ó kéré tán ìdajì ínṣì sílẹ̀ yí ká. Ẹ má fi bírò búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kọ nǹkan, kì í sábà hàn. Pẹ́ńsù búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ wúlò fún fífa ìlà tí ẹ kò fẹ́ kó jáde. Pupa ń jáde bíi dúdú, nítorí náà ọ̀rọ̀ dúdú lórí bébà pupa á pòórá. Fọ́tò tí ẹ kàn lẹ̀ mọ́ ọn máa ń sọ ojú èèyàn di dúdú bọrọgidi. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kò mọ àwọ̀ tó wà láàárín dúdú àti funfun dáadáa. Fọ́tò náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di àmì kéékèèké, irú èyí tó wà nínú àwòrán ìwé ìròyìn. Gọ́ọ̀mù olómi ń mú kí bébà hunjọ, etí ibi tí ẹ gé sì ń fa ìlà dúdú: ẹ fi Tipp-Ex pa á rẹ́. Ẹ má sì ṣe ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà. Kí ẹ tó tẹ 100, ẹ ṣe ẹyọ kan, ẹ ká a, ẹ kà á tán, nítorí ojú kejì bébà máa ń dorí kodò.

Apá stapler lásán kò gùn dé àárín bébà, tó jẹ́ ínṣì 5½ láti etí. Bí ẹ kò bá rí èyí tó gùn, ẹ ṣí i sílẹ̀, ẹ tẹ́ ìwé sórí páálí, ẹ gún un, kí ẹ wá fi ṣíbí tẹ ẹnu píìnì náà.

Àdírẹ́sì àti iye owó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé fúnra rẹ̀. Nígbà náà, Factsheet Five, ìwé ìròyìn tí Mike Gunderloy dá sílẹ̀ ní 1982, máa ń ṣàlàyé zine ní ṣókí, á sì sọ ibi tí wọ́n ti lè rà á. Zine tí kò ní àdírẹ́sì kò rí ẹni béèrè rẹ̀. Ẹ gba P.O. Box, pàápàá ẹ̀yin ọmọbìnrin. Àjèjì ló máa ka àdírẹ́sì yẹn. Ẹ sọ orúkọ tí wọ́n máa kọ sórí sọ̀wédowó, torí báǹkì kò ní san èyí tó bá ní orúkọ zine nígbà tí àkáǹtì jẹ́ ti orúkọ yín. Ẹ kọ déètì pẹ̀lú.

Nígbà náà, àwọn kan máa ń fi gọ́ọ̀mù bo sítáǹpù kí wọ́n lè fọ òǹtẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì tún un lò. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà á sí ọ̀ràn. Ẹ má dán an wò.