Gọ́tà Ni Kó Ṣáájú: Bí Ẹgbẹ́ Àdúgbò Ṣe Lè To Iṣẹ́ Ọdún ní Ìkòròdú

Òjò ni kí ẹgbẹ́ CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, fi to iṣẹ́ ọdún. Lágbègbè wa, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó máa ń le jù ní oṣù kẹfà, á dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Nítorí náà, gọ́tà gbọ́dọ̀ mọ́ kí oṣù kẹta tó parí. Àdúgbò tó bá dúró dìgbà tí àgbàrá wọlé ti pẹ́ jù, torí ọkọ̀ kò ní lè wọlé wá kó ẹrẹ̀.

Ní oṣù kìíní, ẹ mú Sátidé kan lóṣù, aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù dára. Ó ti mọ́ ará Èkó lára láti ìgbà ìmọ́tótó oṣooṣù tí ìjọba dá dúró ní 2016, ẹni tó ń lọ òde á sì ráyè múra. Ẹ yẹ ààwẹ̀ Ràmàdáànì wò, tó ń fi bí ọjọ́ 11 yá sí i lọ́dọọdún, kí ẹ má gbé iṣẹ́ ṣọ́bìrì sínú rẹ̀. Ẹ wádìí ọjọ́ Mágbó àti Orò pẹ̀lú: obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà, láìsí wọn ọwọ́ kò sì ní tó.

Ẹ wọn gọ́tà kí ẹ tó pe èèyàn. Gọ́tà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó gùn ní mítà 50, tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 20, ẹrẹ̀ lítà 6,000 ló wà níbẹ̀. Bárò kan ń gba bíi lítà 60, ìyẹn bárò 100. Pẹ̀lú bárò márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan á lọ nígbà 20. Èèyàn 20 ló máa ṣe é: mẹ́jọ nínú gọ́tà, márùn-ún nídìí bárò, mẹ́ta tó ń ṣa ọ̀rá àti ìgò, mẹ́rin tó ń gbé ìdérí. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ ọjọ́ kan ju ìyẹn lọ.

Ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń jáde, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ lókè. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi tí ẹ tú sílẹ̀ á kó ẹrẹ̀ lọ jọ síbi tí kò tíì mọ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á wá máa gbọ́n omi. Ìdérí kọnkéré tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó fẹ̀ ní 60, tó nípọn ní 10, wúwo ju kílò 120 lọ. Ẹ fi dígà gbé etí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ki ìka bọ abẹ́ rẹ̀. Láìsí bọ́ọ̀tù òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú gọ́tà, torí ìgò fífọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá so páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ gọ́tà, kí alága lọ bá a nílé ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe lójú èrò.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù nìyí: wọ́n á kó ẹrẹ̀ jọ sẹ́bàá gọ́tà, wọ́n á ní kó gbẹ ná. Òjò kan ṣoṣo á dá gbogbo rẹ̀ padà. Bí ẹ kò bá tíì rí ọkọ̀ tó máa kó o lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sún iṣẹ́ síwájú. Kó tó di Ọjọ́rú, kí akọ̀wé ti bá PSP tó ń kó ìdọ̀tí yín sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó ń tẹ ìdọ̀tí pọ̀ kì í ṣe ti iyanrìn, bí wọ́n bá sì kọ̀, ẹ háyà típà. Bí ẹ bá ń fi àpò ìrẹsì ńlá kó o, ìdajì ni kí ẹ bù sí i: tó bá kún dé ẹnu, á ju kílò 100 lọ, á ya mọ́ yín lọ́wọ́. Iyanrìn tí kò ní ọ̀rá nínú ṣeé fi dí kòtò. Èyí tó ní ọ̀rá kò ní ṣù pọ̀, táyà á tún hú u jáde.

Kí ẹ tó túká, ẹ da omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, lítà 25 ọ̀kọ̀ọ̀kan, sí òkè gọ́tà. Ibi tó bá dúró sí, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, torí ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín bí ọjọ́ 7 sí 10. Piọ́ wọ́tà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àpò mẹ́ta fún èèyàn 20. Àkàrà àti ògì dìgbà tí irinṣẹ́ bá pé.

Láti oṣù kẹrin sí ìkeje, kí èèyàn méjì máa rìn yí gọ́tà ká lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ ẹni tó ń kọ́lé kó fi búlọ́ọ̀kù yí òkìtì iyanrìn rẹ̀ ká, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹrẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ ti ń wá. Oṣù kẹjọ ni kí ẹ ṣe ìdérí tuntun: sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta 4, pẹ̀lú irin nínú rẹ̀, kí ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7. Oṣù kọkànlá ni ti ojú títì. Yẹ̀pẹ̀ pupa tí ẹ bá dà nínú òjò á di ẹrẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ ní sẹ̀ǹtímítà 15 lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ gún un mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ òmíràn lé e. Ní oṣù kejìlá, ẹ ṣán igbó ẹ̀yìn ilé, ẹ má sun ún nínú ọyẹ́.

Kí akápò kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde, kó sì fi han gbogbo ilé lọ́jọ́ kejì iṣẹ́. Àgbàlagbà tí kò lè gbé ṣọ́bìrì, ẹ fún un ní ìwé orúkọ kó máa sàmì sí i. Ẹ má bù ú ní owó ìtanràn. Ẹ fọ irinṣẹ́, ẹ fi ọ́ìlì àlòkù pa irin wọn, kí ẹ sì fi ọ̀dà kọ orúkọ àdúgbò sí ọwọ́ ṣọ́bìrì kọ̀ọ̀kan.