Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Àríyànjiyàn Tó Nítumọ̀ Lórí Olùdíje Ààrẹ àti Ètò Ààbò Nàìjíríà

Ẹ kọ́kọ́ kọ kókó ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ má tíì wá olùsọ̀rọ̀ kankan títí ẹ ó fi kọ kókó àríyànjiyàn sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é tì. Wọ́n á kọ ọ́ pé "Ta ló lè gbà wá lọ́wọ́ ewu?", kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, ẹnì kan ti ń sọ ti Boko Haram ní Borno, ẹlòmíì ń sọ ti àwọn tó ń jí epo rọ̀bì ní Niger Delta, ẹlòmíì gbájú mọ́ ọ̀nà márosẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dá ẹnìkejì lóhùn. Ìṣòro ààbò Nàìjíríà kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tí wọ́n fi ń lé ISWAP, ọ̀wọ́ tó yapa kúrò lára Boko Haram, kúrò létí adágún Chad kọ́ ni wọn yóò fi tú àwọn jàǹdùkú inú igbó Zamfara ká, kò sì sí èyí tó lè parí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ní Benue nínú méjèèjì.

Ẹ mú ìṣòro kan, ó pọ̀ jù, méjì. Ẹ mú olùdíje méjì pẹ̀lú. Olùdíje 18 ló wà lórí ìwé ìdìbò ààrẹ ní 2023. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ gbé gbogbo wọn yẹ̀ wò, ilẹ̀ á ṣú bá yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbèdéke sí i. Kókó tó ṣeé jiyàn lé lórí máa ń rí báyìí: "Nínú olùdíje A àti B, ètò ta ló lè dín ìjínigbé lójú ọ̀nà kù láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́?" Ọdún mẹ́rin ni sáà ààrẹ. Ètò tí kò bá tíì ní ohun tó ṣeé fojú rí láàárín ọdún méjì, àsìkò ìpolongo mìíràn ni yóò bá a lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí ààrẹ lè dá ṣe, àti èyí tí kò lè dá ṣe

Ẹ tẹ ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 jáde, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀dà tó ní gbogbo àtúnṣe ni. Abala díẹ̀ péré lẹ máa lò. Abala 218 ló fún ààrẹ lágbára láti pinnu bí wọn yóò ṣe lo àwọn ọmọ ogun àti láti yan àwọn ọ̀gá ológun. Abala 215 ló ní kó máa yan ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, lẹ́yìn tó bá ti gba ìmọ̀ràn Ìgbìmọ̀ Ọlọ́pàá. Títí dé ibí yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni nǹkan wà: olùdíje tó bá ní òun máa pààrọ̀ àwọn ọ̀gá ológun ń ṣèlérí ohun tó lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àwọn tó bá yàn.

Ibi tí agbára rẹ̀ pin sí ló yẹ kí olùsọ̀rọ̀ mọ̀ jù. Láti rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi, abala 5 ní kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí ewu bá ti kanlẹ̀kùn, ààrẹ lè rán wọn lọ ná, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wá ìyọ̀ǹda láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fún un lésì láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán kọ́ nìyí o. Ní oṣù kẹjọ 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger, ààrẹ kọ̀wé sí àwọn sẹ́nétọ̀. Wọn ò fara mọ́ ogun, wọ́n ní kó fi ọ̀rọ̀ sísọ yanjú rẹ̀. Bákan náà, bó bá kéde ipò pàjáwìrì lábẹ́ abala 305, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé aṣòfin méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, láàárín ọjọ́ 2 bí ilé bá wà ní ìjókòó tàbí ọjọ́ 10 bí wọn kò bá sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di òfo.

Bí olùdíje kan bá ti ṣe gómìnà rí, ẹ ṣọ́ra. Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ gómìnà. Gómìnà lè pàṣẹ fún un, abala 215 sì gbà á láyè láti ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àṣẹ náà dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìwà ọ̀daràn tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ gbé kọ́ ọ lọ́rùn, kì í sì í ṣe gbogbo àlàáfíà ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀: kí ló fi owó ààbò ṣe? Ṣé ó ṣòfin fún ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀, bí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ṣe ṣe fún Àmọ̀tẹ́kùn ní 2020? Ǹjẹ́ ó ń san owó oṣù wọn déédéé?

Bí wọ́n ṣe ń tú ìlérí kan palẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, nítorí kò sí ìpolongo tí wọn kì í ti í dárúkọ rẹ̀. Olùsọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ A dìde, ó ní: "Bí olùdíje wa bá wọlé, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ní ọlọ́pàá tirẹ̀." Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ B kò gbọdọ̀ bá a jà lórí bóyá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ dára tàbí kò dára. Ẹ̀gbẹ́ A á borí níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi í ni pé:

"Abala 214 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni kí Nàìjíríà ní. Láti yí i, ẹ nílò sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109, aṣojúṣòfin 240 nínú 360, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ibo ni olùdíje yín ti fẹ́ rí wọn?"

Bí olùsọ̀rọ̀ A bá ní "ìfẹ́ ìlú ni yóò mú kí wọ́n gbà", ó ti ṣubú. Bó bá ní "ẹgbẹ́ wa ní sẹ́nétọ̀ báyìí, gómìnà báyìí ti fọwọ́ sí i, a ó gbé àbá náà wọlé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́", a jẹ́ pé ó mọ ohun tó ń sọ. Ìbéèrè kejì ni owó: ìpínlẹ̀ tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù, kí ni yóò fi gbọ́ bùkátà ọlọ́pàá tó gbé ìbọn dání? Ìkẹta ni ẹni tí yóò dá gómìnà lẹ́kun bó bá fẹ́ fi wọ́n lé alátakò kiri. Ẹ̀gbẹ́ tó bá ti múra sílẹ̀ á ní ìdáhùn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìwé kí wọ́n tó bi í.

Ìlérí pé "a ó bá àwọn jàǹdùkú sọ̀rọ̀" náà gba irú àyẹ̀wò yìí. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn máa ń tọ́ka sí ìdáríjì tí Yar'Adua fún àwọn ajìjàgbara Niger Delta ní 2009, tí wọ́n fún wọn láàyè láti August 6 sí October 4 láti kó ohun ìjà sílẹ̀. Àpẹẹrẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn ní olórí tí wọ́n mọ̀, tó lè ní kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé ìbọn sílẹ̀. Àwọn jàǹdùkú ìwọ̀ oòrùn àríwá jẹ́ ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ tí kò ní olórí kan. Ẹ bá ọ̀kan ṣàdéhùn tán, èkejì ò mọ̀ ọ́n. Gómìnà Katsina bá wọn ṣe é títí, ní 2020 òun fúnra rẹ̀ ló kéde pé òun ti jáwọ́.

Ẹ̀rí àti iye òkú

Ìṣirò ni irọ́ máa ń sá pamọ́ sí jù. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni ìjọba ń pààrọ̀ ọwọ́, nítorí náà ẹni tó bá kó gbogbo 2015 fún Buhari tàbí gbogbo 2023 fún Tinubu ti kó oṣù márùn-ún ẹlòmíì mọ́ ọn. Ẹ fi ìpíndọ́gba oṣù kọ̀ọ̀kan wé ara wọn, nítorí àpapọ̀ ọdún mẹ́jọ kò ṣeé fi wé ti ọdún méjì. Ibì kan náà ni kí iye ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti wá. Kí ẹ sì mọ èyí tí ẹ ń kà: iye ìkọlù lè dín kù kí iye òkú pọ̀ sí i.

Lórí owó, iye tí ààrẹ kà níwájú aṣòfin kì í ṣe iye tó dé ọwọ́ ológun. Ẹ wá èyí tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ tún wá èyí tó jáde gan-an.

"Ológun ni tiwa" kì í ṣe ẹ̀rí. Lásìkò Jonathan, tí kò wọ aṣọ ológun rí, ni wọ́n jí ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok, ní April 14, 2014. Lásìkò Buhari, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n jí 110 gbé ní Dapchi, ní February 19, 2018. Lásìkò Jonathan náà sì ni ológun gba Gwoza padà ní March 27, 2015, nígbà tí ìdìbò ku ọ̀la. Kí olùsọ̀rọ̀ sọ ohun tí olùdíje rẹ̀ pàṣẹ àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ipò tó wà lára aṣọ rẹ̀ kò dáhùn ìbéèrè kankan.

Fọ́tò òkú tí wọ́n ń fi ṣọwọ́ lórí WhatsApp, ẹ má gbé e jáde láìtíì fi Google wá ibi tó ti wá. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Bí ológun bá wà nínú èrò, ẹ má jẹ́ kó sọ ibi tí ikọ̀ rẹ̀ wà tàbí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà.

Lọ́jọ́ náà

Olùsọ̀rọ̀ méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 6 fún àkọ́kọ́, 5 fún èkejì, 4 fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti bi ara wọn ní ìbéèrè, 15 fún èrò, 3 fún ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ó tó nǹkan bíi wákàtí kan. Kèké ni kí ẹ fi pín ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ fún olùdíje tí kò fẹ́ràn máa ń wá ẹ̀rí jinlẹ̀ ju ẹni tó ń polongo lọ. Máàkì: 40 fún ẹ̀rí, 25 fún bóyá ó wà lágbára ààrẹ, 25 fún dídá alátakò lóhùn, 10 fún ọ̀nà ìsọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn olùdíje ṣe ẹ̀rí, ẹ yọ máàkì 10, kí alága má wulẹ̀ bá a rojọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí èrò dájọ́, ẹ dìbò lẹ́ẹ̀mejì: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tí wọ́n bá parí. Ẹ̀gbẹ́ tó bá yí ọkàn èrò padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ jù ló borí. Bí ẹ̀gbẹ́ A bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 38 tí B ní 22, tó wá di 30 sí 30, B ló gbégbá orókè pẹ̀lú 8. Ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sára ìwé méjèèjì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà, nítorí àwọn kan á pẹ́ dé, àwọn mìíràn á tètè lọ. Ìwé tí kò bá ní èkejì rẹ̀, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ tó kà.