Látìn: ẹ jẹ́ kí Icarus já bọ́ ní Yorùbá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ Látìn. Kò sẹ́ni tó bi mí, àmọ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe àtẹ̀yìnwá bá ń dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ pa àtẹ tó ń to ìyípadà ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn tì ná. Ẹ mú ìtàn àtijọ́ ti Daedalus, tó fi ìyẹ́ àti ìda ṣe ìyẹ́-apá fún ara rẹ̀ àti Icarus ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lè fò, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tààrà, ẹ má gba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá rárá.

Volabat: Icarus ń fò nígbà náà. Cecidit: ó já sínú òkun. Monuerat: bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un kó tó gbéra. Ṣé ẹ rí i? "-ba-" ni "ń" wa, "-era-" ni "ti". Báírò pupa ni mo fi ń fa ìlà sábẹ́ wọn kí n tó túmọ̀ ohunkóhun.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan o: cecidit lè jẹ́ "ó ti já" náà, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ṣì ń wo ìyẹ́ lójú omi. Ìtàn ló máa sọ èyí tó jẹ́. Cado (mo ń já bọ́) tó di cecidi (mo já bọ́) ńkọ́? Ìyẹn, àkọ́sórí ni.