Ẹnu Àwọn Àgbà Nílé Ìtọ́jú: Àṣìṣe Tó Lè Di Òtútù Àyà

Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ jù nílé ìtọ́jú àwọn àgbà, ẹnu fífọ̀ ni àwọn olùtọ́jú sábà máa ń kọ́kọ́ fò. Wọ́n á wẹ̀ fún bàbá, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á gbé oúnjẹ àti oògùn wá. Ti ẹnu á di ọ̀la. Èrò wọn ni pé torí kí ẹnu má rùn nìkan ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì ń bí àwọn tó kù.

Kòkòrò àrùn máa ń kóra jọ sára eyín, ahọ́n àti eyín àtọwọ́dá, ní ìdọ̀tí kan tó ń yọ̀ lọ́wọ́ tó sì lẹ̀ típẹ́típẹ́. Àgbàlagbà tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa mọ́, bóyá nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí iyè ríra, lè ṣèèṣì fa itọ́ tó ru kòkòrò yìí sínú ọ̀nà èémí, pàápàá lójú oorun, kó má tilẹ̀ wúkọ́. Bí ara kò bá lágbára láti lé e jáde, ó di òtútù àyà. Ní Jàpáàn, ìwádìí ọdún méjì kan nílé ìtọ́jú 11, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002, fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n ń fọ ẹnu fún lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 11 nínú 100 ló ní òtútù àyà. Nínú àwọn tí wọn kò ṣe é fún, ó tó 19.

Àwọn olùtọ́jú kan á ní, “Wọn ò léyín mọ́, kí la fẹ́ fọ̀?” Erìgì, ahọ́n àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gba oúnjẹ láti inú rọ́bà náà kò yọ sílẹ̀: ẹnu tí kì í jẹun máa ń gbẹ, ìdọ̀tí sì máa ń gan mọ́ ọn.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé eyín àtọwọ́dá sùn. Ìwádìí mìíràn ní Jàpáàn lórí àwọn tó ti pé ọdún 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jáde ní 2015, rí i pé òtútù àyà wọ́pọ̀ tó ìlọ́po méjì láàárín àwọn tó ń gbé e sùn. Ẹ yọ ọ́ lálẹ́. Ẹ da omi díẹ̀ sínú bàsíà kí ẹ tó fọ̀ ọ́ lókè rẹ̀, kó má baà fọ́ bó bá yọ̀ bọ́. Ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ lò, torí ọṣẹ ìfọyín máa ń ha á lára. Omi gbígbóná sì lè ba ìrísí rẹ̀ jẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, nínú ife tí ẹ kọ orúkọ oníǹkan sí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí wọ́n dá èèyàn dùbúlẹ̀ gbalaja kí wọ́n tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìdọ̀tí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ họ kúrò lára eyín, ọ̀fun ló ń ṣàn lọ tààrà. Ẹ gbé wọn jókòó, kí àgbọ̀n wọn tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ jókòó. Bí ẹ bá dúró lé wọn lórí, wọ́n á gbójú sókè wò yín, omi á sì rọrùn láti ṣìnà. Ọṣẹ ìfọyín kò gbọ́dọ̀ ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ẹni tí omi tètè máa ń pá lórí, ẹ má fún un ní ife omi pé kó yọ ẹnu. Ẹ fi aṣọ tútù tó mọ́ nù ún.

Fóòmù orí igi kékeré tí wọ́n fi ń nu ẹnu ń mú ẹnu tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè họ ìdọ̀tí eyín, orí rẹ̀ sì lè já síni lẹ́nu. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé oògùn ìfọnu: ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2015, fi chlorhexidine, oògùn ìfọnu tó ń pa kòkòrò, kún ẹnu fífọ̀ àti jíjókòó dáadáa jẹun, síbẹ̀ òtútù àyà kò dín kù. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí pé búrọ́ọ̀ṣì á dáàbò bo gbogbo èèyàn. Èmi ṣì fara mọ́ ọn, torí ẹnu ìdọ̀tí kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore.

Bí erìgì bá ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ẹ má dáwọ́ dúró. Ìdọ̀tí ló sábà ń fà á. Bí kò bá dá, ẹ pe nọ́ọ̀sì.

Bí ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra bá kọ̀, ẹ má fipá ya ẹnu, ẹ má sì ti ìka bọ àárín eyín. Ẹ gba iwájú wá, kì í ṣe ẹ̀yìn. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fọnu.” Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ di ọwọ́ náà mú pẹ̀lú wọn. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ má sì dúró de ibà kí ẹ tó fura. Lára àgbàlagbà, òtútù àyà lè má mú ara gbóná rárá: ẹ lè kàn rí i pé mímí ń yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oúnjẹ kò wọlé, tàbí ọ̀rọ̀ ń dàrú lójijì. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.