Àṣìṣe tó Ń Ba Àga Àtijọ́ Jẹ́ Kí Ọ̀dà Tó Kàn Án

Bí o bá ní ọ̀rẹ́ kan tó mọ iṣẹ́ ọnà, tó máa ń gbé àga tí ẹlòmíì ti jù sẹ́yìnkùlé lọ sílé, tó sì ń sọ ọ́ dọ̀tun, wò ó dáadáa: kì í tètè ṣí agolo ọ̀dà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà ló máa ń kánjú débẹ̀.

Èyí tó burú jù ni kí a kun àga tí kòkòrò ṣì ń jẹ. Gbọn ìyẹ̀ tó wà lára rẹ̀ dànù, gbé e lé orí aṣọ dúdú, kí o sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìyẹ̀ tuntun bá dà sílẹ̀ lẹ́búlẹ́bú, bí ìyẹ̀rosùn orí ọpọ́n Ifá, ajẹgi ṣì wà nínú igi náà. (Ìyẹ̀rosùn gan-an, kòkòrò ló ń jẹ ẹ́ jáde lára igi ìrosùn.) Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da kẹrosíìnì sí i. Kẹrosíìnì kì í dé ibi tí ìdin fara pa mọ́ sí, òróró rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí fáníìṣì mú igi dáadáa. Oògùn igi, irú bíi Solignum, ni kí o fi abẹ́rẹ́ fún sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Fi ọ̀rá wé àga náà fún ọ̀sẹ̀ kan, tú u, kí o wá jẹ́ kó gbẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo. Ìta ni kí o ti ṣe é, kí o sì wọ ìbọ̀wọ́.

Ẹsẹ̀ àga tó ń mì kò fẹ́ ìṣó rárá. Nínú oríkèé àga àtijọ́, ahọ́n igi kan ló wọ inú ihò igi kejì. Gọ́ọ̀mù àárín wọn ló ti kú. Ìṣó yóò la ahọ́n náà, àga yóò tún máa mì, àtúnṣe rẹ̀ yóò sì wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fà á yọ, kí o họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ títí ojú igi yóò fi hàn, torí gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò kì í lẹ̀ mọ́ òkú gọ́ọ̀mù. Ìrókò àti tíìkì ní òróró nínú. Fi àkísà tí o ti rẹ sínú tínà díẹ̀ nù wọ́n kí o tó fi gọ́ọ̀mù sí i. Là rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, fi dì í pinpin, kí o má sì tú u títí wákàtí 24 yóò fi pé.

Bí igi kan bá ti jẹrà, má fi pákó tútù rọ́pò rẹ̀. Pákó tí o rà ní ọjà pákó Bódìjà, n'Íbàdàn, nígbà òjò láìgbẹ yóò súnkì nígbà ọyẹ́, oríkèé yóò sì yà. Pákó tó nípọn tó íǹṣì kan ń fẹ́ nǹkan bí ọdún kan lábẹ́ ibòji. Igi tí a gé lára àga ògbólógbòó míì ló dára jù.

Ní ti sáńpépà, má fo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ojú sáńpépà ṣe máa ń le tó. Ibi tí fáníìṣì àtijọ́ bá ti ki nìkan ni 80 wà fún. Lẹ́yìn náà 120, lẹ́yìn náà 180, kí o fi 220 parí rẹ̀. Máa tẹ̀ lé ìlà ara igi. Ojú ọgbẹ́ tí 80 dá sílẹ̀ kì í hàn títí fáníìṣì á fi kàn án, ìgbà yẹn ló ń yọ jáde kedere. Kọ́kọ́ wo etí pákó náà: bó bá jẹ́ pé awọ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ páílíwúùdù, má gbé ẹ̀rọ tó ń fi sáńpépà ra igi sún mọ́ ọn, awọ náà sábà máa ń tín ju mìlímítà kan lọ. Ìyẹ̀ ìrókò ń fa ikọ́ àti ara yíyún, nítorí náà bo imú. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé, nítorí ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Má họ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ. Fi omi rin ín, kí ọmọ kankan má sì wà nítòsí.

Má kun fáníìṣì nígbà tí òjò bá ṣú tàbí nínú oòrùn ọ̀sán. Ọ̀rinrin lè jẹ́ kí ojú rẹ̀ funfun bí ìkùukùu, oòrùn a sì máa mú kó hó. Fún ìkunsí àkọ́kọ́, po ife tínà kan mọ́ ife fáníìṣì mẹ́sàn-án. Jẹ́ kó sùn mọ́jú, fi sáńpépà 320 ra á díẹ̀, nu ìyẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí o tó kun ún lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Àkísà tí o bá fi òróró linseed, òróró tí wọ́n fi ń pa igi, nu igi, má ká a jọ sínú garawa. Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó sì gbiná láìsí ìṣáná. Tẹ́ ẹ síta lọ́kọ̀ọ̀kan kó gbẹ, tàbí kí o rì í sínú omi.

Kí o tó ra fóòmù tuntun, dojú àga dé, kí o sì fi ọwọ́ tẹ ọ̀já rọ́bà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti rọ̀, pààrọ̀ rẹ̀, torí fóòmù íǹṣì mẹ́rin tó gbówó lórí jù lọ́jà yóò rì lórí ọ̀já tó ti kú.