Ẹ Jẹ́ Kó Sùn Mọ́jú: Bí Ìdílé Ṣe Lè Dín Ọjà Rírà Kù

Lọ́dún tó kọjá, mo ka abọ́ ike tó wà nílé ìdáná wa ní Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo. Wọ́n jẹ́ 23. Mẹ́rin péré ni mo fi owó mi rà. Àwọn tó kù jẹ́ ẹ̀bùn òde: àwòrán olóògbé ló wà lára òmíràn, ti ẹni tó pé àádọ́ta ọdún ló wà lára òmíràn. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra abọ́ méjì sí i ní Ọjà Ìgbọ̀nà, torí pé àwọ̀ wọn wù mí, ẹni tó ń tà á sì ń pè mí ní "ìyàwó wa".

Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó ro ọ̀rọ̀ ara mi. Èmi kì í ṣe ahun, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ahun. Ahun a máa febi pa ọmọ kí owó má bàa tán. Èyí tí mò ń wí ni pé bí owó bá máa jáde nílé, kó jẹ́ àwa la rán an níṣẹ́, kó má jẹ́ pé ó kàn sá lọ. Bí a ṣe ṣe é nílé wa ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Kí kálukú mú èyí tó bá ilé tirẹ̀ mu.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù kan

Ẹ wá ìwé tí ọmọ kan kò kọ tán kí wọ́n tó wọ kíláàsì tuntun, ẹ so bírò mọ́ ọn, kí ẹ gbé e kọ́ síbi tí gbogbo ilé ń gbà kọjá. Ohun gbogbo ni kó wọ inú rẹ̀: ẹ̀fọ́, ọ̀kadà, dátà, owó ọrẹ, owó tí a fi ránṣẹ́ sí àbúrò, títí dórí omi inú ọ̀rá. Ẹ má tíì dín ohunkóhun kù lóṣù yẹn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í há mọ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní kò ní mọ ibi tí igbá ti ń jò.

Tọkọtaya ni kó jọ kọ ọ́. Bàbá àwọn ọmọ ti gbà pé èmi ni mò ń náwó jù, èmi náà sì ti gbà pé òun ni. Nígbà tí oṣù parí, ìwé dá àwa méjèèjì lẹ́bi. Tèmi ni nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí mò ń rà lójú ọ̀nà bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ₦500 ní Ọláìyá, ₦500 nítòsí ilé. Ẹ wò ó, ₦500 kan péré lójúmọ́, ₦15,000 ni bí oṣù bá fi máa jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́. Tirẹ̀ ni dátà àti súyà alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mi ò ní sọ iye tí súyà gbé lọ, torí ó máa ka ibí yìí.

Ẹ yẹ ilé wò kí ẹ tó yẹ ọjà wò

Ẹ mú ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ kó ohun tó wà nínú àpótí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti lórí kọ́bọ́ọ̀dù jáde. Ẹ pín in sí èyí tí à ń lò, èyí tó ṣeé tún ṣe, àti èyí tó yẹ kí ẹlòmíràn máa lò. Àwa bá tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta nílé, bẹ́ẹ̀ ni a ti ń bú ara wa lóròòru pé kò sí tọ́ọ̀ṣì.

Lórí ọ̀rọ̀ àtúnṣe, àwa ará Òṣogbo láǹfààní tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Ìlú aró ni wá. Ìtàn ìtẹ̀dó wa gan-an, ìkòkò aró ló wà nínú rẹ̀: igi tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn gé ló wó lu ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Aláró ṣì wà láàrin wa dòní. Bùbá funfun tó ti pọ́n lọ́rùn, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣá, gínnì tí epo dà sí, gbogbo wọn ṣeé gbé fún aláró kó rẹ ẹ́. Ìró gínnì funfun kan tí mo ti fẹ́ fi ṣe àkísà di aró dúdú minijọ, ẹni mẹ́ta sì bi mí ibi tí mo ti rà á.

Àmọ́ ẹ mọ̀ pé aṣọ òwú ló ń gba aró dáadáa. Léèsì tí wọ́n fi pọ́líẹ́sítà hun kò ní gbà á. Bí ẹ ò bá mọ irú aṣọ tó jẹ́, ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ níbi ìṣẹ́tí, kí ẹ fi ẹ̀mú dì í mú, kí ẹ ṣáná sí i lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, jìnnà sí ọmọdé àti gáàsì. Òwú gidi máa jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì rí múlọ́múlọ́. Pọ́líẹ́sítà máa yọ́, á sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle. Ẹ má fọwọ́ kàn án kó tó tutù.

Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú

Èyí ni òpó ilé. Bí ẹ ò bá ṣe ìyókù, ẹ ṣe èyí.

A lẹ bébà kan mọ́ ara ògiri yàrá ìgbàlejò. Ohunkóhun tí kì í bá ṣe oúnjẹ, oògùn, owó ọkọ̀ tàbí owó ilé ìwé, a kì í rà á lójú ẹsẹ̀. A máa kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, iye rẹ̀, ọjọ́ tí a kọ ọ́, àti ẹni tó fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó di kó sùn. Ohun tí kò tó ₦5,000 máa sùn mọ́jú. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ máa sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó bá lè jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù, owó oṣù ẹ̀ẹ̀mejì gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀.

Bí ọjọ́ bá pé, a máa bi ara wa pé: ṣé kò sí ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nílé? Níbo la máa gbé e sí? Ojú ta la fẹ́ kó rí i? Ìbéèrè kẹta yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ nǹkan. Nígbà tí mo fẹ́ yí kọ́tìnì padà, kọ́tìnì wa kò ya. Ẹnì kan tó wá kí wa ló ní àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá.

Mo rí ẹ̀rọ ìdínǹkan kan lórí fóònù, èyí tó ń fi atẹ́gùn gbígbóná dín dòdò láìlo òróró púpọ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo kọ ọ́ sára ògiri. Láàrin oṣù méjì tó fi sùn, mo ń wo iye wákàtí tí iná fi ń wà ní àdúgbò wa nígbà tí mo bá ń se oúnjẹ, ìyẹn sì tó. Èmi fúnra mi ni mo fa ìlà sí i. Bàtà ilé ìwé ọmọ wa àárín, ní tirẹ̀, jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú àtàǹpàkò tó ti yọ síta, a sì rà á. Nínú ohun 19 tí a kọ láàrin oṣù mẹ́ta, mẹ́fà la rà. A ò tiẹ̀ rántí ìdí tí a fi kọ òmíràn.

Lọ́jọ́ ọjà

Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ mú owó tó tó o dání, kí ẹ sì fi káàdì bánkì sílé. Ènì dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ra kóńgó mẹ́ta nítorí ènì, nígbà tó jẹ́ pé kóńgó kan ló bá wá, kò jèrè. Ẹ máa wo ìdí kóńgó pẹ̀lú, àwọn kan ti fi òòlù lù ú wọnú.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀wà púpọ̀ nígbà tó bá wọ́n níwọ̀n, ẹ pe aládùúgbò méjì, kí ẹ jọ pín àpò kan. Ẹ sá tiyín kó gbẹ dáadáa, kó fi jẹ́ pé bí ẹ bá gé e jẹ á dún kà. Bó bá tutù tán, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ títí dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ má sì ṣí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ máa lo atẹ́gùn ibẹ̀ tán, á sì kú. Ẹ má da oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà o. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀, owó tí ẹ rò pé ẹ tọ́jú á kàn gba ilé ìwòsàn lọ ni.

Aṣọ ẹbí

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Súyà kọ́ ló ń tú ilé wa ká, òde ni. Aṣọ gan-an, ẹnu ọ̀nà ló jẹ́. Bí wọ́n bá ní ₦20,000 ni aṣọ, owó télọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, gèlè àti fìlà, bàtà tó máa bá a mu, owó ọkọ̀, owó tí a máa fi sọ́wọ́ olóde, àti èyí tí a máa fi ná olórin bó bá lọ pe orúkọ bàbá wa. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó dáhùn.

Ní oṣù kìíní, èmi àti ọkọ mi jókòó, a kọ orúkọ àwọn tí a ò lè ṣe kí á má dá aṣọ wọn: àwọn òbí wa, àwọn àna wa, ọmọ ìyá wa, àti ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ méjì péré la fi sílẹ̀ fún gbogbo ọdún. Bó bá ti pé méjì, ilẹ̀kùn ti tì.

Bí a ṣe ń sọ pé rárá ṣe pàtàkì ju rárá fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ tètè sọ ọ́. Bí ẹ bá dákẹ́ tí wọ́n fi bá yín gba aṣọ, ó ti di gbèsè. Èmi máa ń lọ sílé ẹni náà, mi ò kì í fi fóònù sọ ọ́ bí àgbà bá ni. Mà á kúnlẹ̀, mà á ní: "Ẹ kú ìnáwó, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ yín kalẹ́. A máa wá bá yín ṣe é láti àárọ̀. Aṣọ nìkan la ò ní lè dá lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má bínú." Lẹ́yìn náà, mà á lọ ní tòótọ́, láàárọ̀, mà á sì bá wọn bu oúnjẹ. Ó ṣòro fún èèyàn láti bínú sí ẹni tó ń bá a gbé ìkòkò. Mo ní àǹkárá búlúù kan àti òmíràn tó pupa rúsúrúsú. Ọ̀kan nínú wọn kì í jìnnà sí àwọ̀ tí wọ́n bá yàn.

Ohun kan tí mo fi ojú ara mi kọ́: bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ ló gbé aṣọ wá, ọkọ ni kó dá a lóhùn. Bí ìyàwó bá fi lè dáhùn, lọ́jọ́ náà ló di ẹni tó ń dí ọmọ wọn lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ

A ti ṣíwọ́ sísọ fún wọn pé "kò sówó". Ó ń dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n sì tún ń rí i pé irọ́ ni nígbà tí mo bá ra ohun tèmi. Ohun tí à ń sọ báyìí ni "kò sí lára ògiri". Ọmọ tó bá fẹ́ nǹkan á mú bírò. Bí mo bá ń lọ sí Ọjà Ọba, mo máa ń kó owó tòmátì àti ata lé àkọ́bí wa lọ́wọ́, kó fúnra rẹ̀ ná an. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà kejì, ó jà fún ₦50 débi tí ojú fi tì mí.

Gbèsè orí fóònù

Àwọn bàbá wa mọ òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí tí wọ́n á fi gbowó wọn. Ayánilówó orí fóònù kì í lóṣòó ní tirẹ̀. Àwọn kan nínú wọn máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù yín, títí kan àna. Bí ọ̀rọ̀ bá le débi kí ẹ yá a, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, tó ti ń forúkọ wọn sílẹ̀ láti ọdún 2022. Ẹ má ṣe yá a láéláé nítorí ohun tí kò tíì sùn.

Owó tó ṣẹ́ kù

Owó tí a kò ná kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́, torí á wá nǹkan míì ṣe. Èmi ń dá àjọ ₦1,000 lójúmọ́. Àlájọ á mú owó ọjọ́ kan, tí oṣù bá jẹ́ ọjọ́ 31, ₦30,000 ló máa kó fún mi. Àwọn kan ní kí ló dé tí mo fi ń sanwó kí wọ́n tó bá mi tọ́jú owó mi. Ṣé kí n sọ fún wọn pé ₦1,000 yẹn ni mo fi ń ra ẹni tó máa wá kan ilẹ̀kùn mi lójoojúmọ́?

Láti oṣù karùn-ún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó tìlú yìí. Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, àlejò á kún ilé. Kí wọ́n tó lọ tán, oṣù kẹsàn-án ti dé, ilé ìwé sì ti wọlé.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àbíkẹ́yìn wa gun àga, ó kọ "AJÁ" gàdàgbà sára ògiri, kò kọ iye. Mo rò pé ọjọ́ kejì ló máa gbàgbé. Ọjọ́ kẹrìnlá rèé, àná sì ni mo gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń rọra béèrè lórí fóònù iye tí wọ́n ń ta ọmọ ajá.