Ṣé 1.8 ni àbí 2.5? Bí mo ṣe ra ọkọ̀ hybrid fún ilé wa l'Ákúrẹ́

Owó epo ló lé mi débẹ̀. Camry Big Daddy ni mo ń wà tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnì 2.4 (bí inú ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó ní lítà nìyẹn), kò já mi kulẹ̀ rí, àmọ́ látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, tí lítà kan sì ti ré kọjá 1,000 náírà nígbà tí 2024 fi ń parí lọ, mi ò lè wojú mítà ilé epo mọ́, ńṣe ni mo máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wọ̀n ọ́n nígbà kan, lítà kan ń gbé mi rin kìlómítà mẹ́sàn-án péré nínú ìgboro. Ìjàpọ̀ là ń gbé, iléèwé àwọn ọmọ wà l'Álágbàká, ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi wà lọ́nà Ọ̀dà, màmá mi wà ní Oǹdó, a sì máa ń lọ wò wọ́n lọ́sẹ̀ méjì méjì. Tí mo bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, 1,200 kìlómítà lóṣù kan, lítà 133 nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́ di owó kẹ́ ẹ wò ó.

Ìyàwó mi kọ́kọ́ bẹ̀rù ọ̀rọ̀ hybrid yìí, ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pọ̀. Ó ní, "Dádì Tómi, ṣé wáyà lẹ ó máa wá ki bọ̀ ọ́ lálaalẹ́ bíi fóònù ni?" Mo ní rárá o, epo náà ló ń mu, iná tó wà nínú bẹ́tìrì ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é, tó o bá ti tẹ bírékì báyìí mọ́tò iná tó ń yí táyà á di jẹnẹrétọ̀, á máa rọ iná sínú bẹ́tìrì, tó o bá tún fẹ́ rọra gbéra nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ọjà Ọba, iná yẹn ló máa kọ́kọ́ lò, ẹ́ńjìnì á dákẹ́ fẹ́ẹ́. Ó ní ó dáa, àmọ́ tó bá lọ dákẹ́ pátápátá sójú títì, òun ò ní bọ́ọ́lẹ̀ tì í o.

Wàhálà tó wá kù ni ti ẹ́ńjìnì. Bùrọ̀dá ìyàwó mi ní jíìpù ni kí n rà, Highlander hybrid, V6 3.3, pé ọkùnrin ọlọ́mọ mẹ́ta kì í gun nǹkan kékeré. Mo dá a lóhùn pé tó bá fẹ́ máa rọ epo sí i fún mi, mo ti gbà. Ọ̀rọ̀ jíìpù parí síbẹ̀. Àwọn méjì tó kù lọ́kàn mi ni Prius 2010 tó jẹ́ 1.8 àti Camry hybrid 2012 tó jẹ́ 2.5, tòkunbọ̀ ni méjèèjì. Ká sòótọ́, 1.8 ni mo ti mú lọ́kàn mi kí n tó jáde nílé. Ṣebí ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ẹ́ńjìnì kékeré, epo kékeré, ẹ́ńjìnì ńlá, epo ńlá.

Mẹkáníìkì mi, bàbá kan tó ti ń tú mọ́tò láti ayé Datsun, ló kọ́kọ́ da ìmọ̀ yẹn rú. Wọ́n ní, "Bàbá Tómi, ẹ yé wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnì nìkan, ẹ wo ẹrù tó fẹ́ gbé." Wọ́n wá ń là á yé mi. Nínú hybrid Toyota, èèyàn méjì ló ń ti ọkọ̀, ẹ́ńjìnì àti mọ́tò iná. Ẹ́ńjìnì Prius yẹn fúnra ẹ̀, agbára ẹṣin 98 ló ní, tó bá da agbára pọ̀ mọ́ ti iná ó di 134. Ti Camry, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ní 156, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 200. Kò sí bẹ́líìtì gíá kankan tó lè já, gíá oníyíká kan ló ń pín agbára láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ́ńjìnì méjèèjì ni wọ́n sì ṣe lọ́nà tí wọ́n ń pè ní Atkinson, ìyẹn ni pé fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kì í tètè pa dé, ìyẹn ni ò jẹ́ kó máa jẹ epo, àmọ́ ìyẹn náà ni ò jẹ́ kó lágbára púpọ̀ nísàlẹ̀, iná ló ń bá a dí àlàfo yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà wá nìyí: bẹ́tìrì yẹn kéré. Ti Prius ò ju kílówáàtì-wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Lójú títì tó tẹ́jú, ìyẹn pọ̀ tó, torí pé bó ṣe ń lò ó ló ń dá a padà. Àmọ́ tó o bá kó èèyàn márùn-ún, tó o tan éésì, tó o wá ń gun òkè tí ò tíì parí fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, bẹ́tìrì á gbẹ, ẹ́ńjìnì nìkan ló máa kù nídìí iṣẹ́, ìgbà yẹn ni 1.8 àti 2.5 tó máa fi ara wọn hàn.

Mo gbọ́ o, àmọ́ èmi ọmọ ìṣirò ni, mo jókòó ti bírò àti ìwé. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wọn epo mọ́tò, fún Prius ní máìlì 50 lórí gálọ́ọ̀nù kan, wọ́n fún Camry hybrid LE ní 41. Tá a bá sọ ọ́ di tiwa, lítà kan á gbé Prius rin kìlómítà 21, á gbé Camry rin 17. Títì wọn nìyẹn o, kì í ṣe tiwa tó ní kòtò. Lórí 1,200 kìlómítà mi, Prius á mu lítà 56 tàbí 57, Camry á mu bíi 70. Ìyàtọ̀ wọn ò ju lítà 13 lọ, nǹkan bíi 13,000 náírà lóṣù nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ 133 tí Big Daddy ń mu, ẹ ó rí i pé èyíkéyìí tí mo bá rà, mo ti bọ́. Ìgbà yẹn ni ara mi balẹ̀ díẹ̀, mo ní ó dáa, kò kan ẹni tó ń mu epo kéré jù mọ́, ó ku ẹni tó máa pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Prius la kọ́kọ́ lọ wò, lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta mọ́tò. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la débẹ̀, ó mọ́, ó ń dán, ó sítáàtì wẹ́rẹ́. Mo ní ká gbé e lọ s'Ídànrè. Èmi, Bàbá mẹkáníìkì, ìyàwó mi, bùrọ̀dá ìyàwó mi, àti ọmọ iṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn, éésì ní títàn. Nínú ìlú ó dùn, mi ò ní parọ́, ńṣe ló ń yọ́ lọ bí ológbò. Bá a ṣe wá ń sún mọ́ àwọn òkè Ìdànrè tí títì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo ń wo àwòrán bẹ́tìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ìlà mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́ta, ó di méjì, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì lé lórí, mo tẹ ẹ dé ilẹ̀, kò gbọ́. Ọlọ́kadà kan tó gbé obìnrin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdì méjì lọ́gbọ́n-ọgbọ́n yà wá sílẹ̀. Bùrọ̀dá ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tá a padà dé, Bàbá fà mí sẹ́yìn. Wọ́n ní nígbà tá a dé láàárọ̀ àwọn fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yẹn, ó ti gbóná, ẹnì kan ti sítáàtì ẹ̀ kí á tó dé. "Ẹ jẹ́ ká yà síbẹ̀ lọ́la láì sọ fún wọn."

Aago mẹ́fà àbọ̀ ìdájí ọjọ́ kejì la ti wà níwájú géètì, ọlọ́dẹ ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù bí omi àmù. Bàbá kọ́kọ́ yẹ rọ́bà omi rédíétọ̀ wò, kúláńtì Toyota pupa rẹ́súrẹ́sú ló yẹ kó jẹ́, èyí tá a rí níbẹ̀ dà bíi sóbò tí wọ́n ti bu omi là lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ti lọ sísàlẹ̀ ìlà tí wọ́n kọ LOW sí. Wọ́n ní kí n tẹ bọ́tìnì. READY tàn, ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ́ńjìnì tó gbá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbà-gbà-gbà-gbà, digí ẹ̀gbẹ́ ń mì, gbogbo ọkọ̀ ń jó. Lẹ́yìn bíi ààbọ̀ ìṣẹ́jú ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì nìyẹn, òun ni kì í jẹ́ kí kúláńtì wọ ibi tí epo ti ń jó. Ẹni tó bá mọ Prius 1.8 ìran yẹn mọ̀ pé àìsàn rẹ̀ ni, páìpù tó ń dá èéfín padà sínú ẹ́ńjìnì máa ń fi ẹ́dú dí, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu, tí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú kúláńtì á ro sínú sílíńdà, òun ló fi ń gbọ̀n láàárọ̀ tó bá tutù. Tí ẹnikẹ́ni bá ti sítáàtì ẹ̀ kó gbóná kó o tó dé, o ò lè rí i láéláé. Bàbá ní 2.5 náà ní irú páìpù yẹn, àmọ́ àwọn ò tíì tú èyí tó bá a débi kí gásíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ó kù díẹ̀ kí n tibẹ̀ lọ sanwó Camry, àmọ́ ọkàn mi ní mo fẹ́ rẹ́ 1.8 jẹ. Ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn ni mo fi gun òkè, ìyẹn ò ṣe déédéé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní FUTA, yunifásítì tó wà l'Ákúrẹ́ níbí, ní Prius tí ara ẹ̀ yá ganan, mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, a gbé e gba ojú ọ̀nà kan náà. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, kò ké tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bẹ́tìrì náà sọ̀ kalẹ̀ sí méjì kí òkè tó parí, mo sì ní láti gbàgbé ọ̀rọ̀ pé mo fẹ́ ya tírélà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní òun àti ìyàwó òun nìkan ló ń gùn ún, FUTA sí Ọ̀bá Ilé, òun ò mọ ìgbà tí òun ra epo gbẹ̀yìn. Mo gbà fún un. Ká ní ìgboro nìkan ni mo ń rìn, tí a ò sì ju méjì mẹ́ta lọ nínú ọkọ̀, Prius tí ara ẹ̀ yá ni mi ò bá rà, mi ò ní wẹ̀yìn.

Camry wá kàn. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti gbọ́n, aago mẹ́fà ìdájí ni mo lọ, bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù, ó gbá láì gbọ̀n. Ọmọ Bàbá ki ẹ̀rọ OBD kékeré, èyí tó ń ka ohun tó ń lọ nínú ọkọ̀, sábẹ́ sítíàrì, ó so ó mọ́ fóònù ẹ̀. Module 34, ìyẹn bẹ́tìrì kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀, ló wà nínú bẹ́tìrì ẹ̀, áàpù yẹn ń kà wọ́n ní méjì méjì, ìlà 17. Ó ní ohun tí òun ń wò ni bóyá ìlà kan ń sá ju àwọn yòókù lọ tí mo bá tẹná mọ́ ọn, wọ́n ń lọ sókè sódò pọ̀ bí ọmọ ogun, kò sí èyí tó yapa. Lẹ́yìn náà ó yọ fílítà ibi tí bẹ́tìrì ti ń fa atẹ́gùn níbi ìjókòó ẹ̀yìn, eruku tó wà nínú ẹ̀ tó gbin ẹ̀gúsí, èèpo ẹ̀pà kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà. Tí fílítà yẹn bá dí, bẹ́tìrì á máa gbóná, ìyẹn ló ń pa wọ́n kí ọjọ́ tó pé, tí èèyàn á máa bú hybrid kiri.

Òkè Ìdànrè kan náà, èèyàn márùn-ún kan náà, éésì. Bẹ́tìrì rẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnì kàn gbóhùn sókè díẹ̀ ni, ó ń gùn ún lọ. Bùrọ̀dá ìyàwó mi tún ń wá ọ̀kadà tó máa yà wá sílẹ̀, kò rí.

Kì í ṣe pé kò ní àbùkù o. Bẹ́tìrì ti jẹ nínú búùtù ẹ̀, Prius tó kéré yẹn gba ẹrù jù ú lọ, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń ṣí gbayawu. Ìyàwó mi gbé kúlà oúnjẹ rẹ̀ wá wọ̀n ọ́n níbẹ̀, ojú ẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó tún fi mílíọ̀nù kan àbọ̀ wọ́n ju Prius lọ kí n tó ná ọjà ẹ̀. Mo ná an títí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún fi kúrò lórí ẹ̀, mo yẹ VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, wò mọ́ ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n bára mu, mo sanwó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo wọ̀n ọ́n. Mo rọ epo kún dẹ́nu l'Ákúrẹ́, a lọ s'Óǹdó lọ wo màmá, mo tún fi gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, nígbà tó di kìlómítà 412 mo tún rọ ọ́ kún, lítà 26 ló gbà. Lítà kan, kìlómítà 15 àti díẹ̀. Kò tó 17 tí EPA sọ, àmọ́ EPA ò mọ ọ̀nà Ọ̀dà.

Rìwáyà kan tí mo pè pé kó wá fi họ́ọ̀nù tuntun sí i ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wá bẹ́tìrì kékeré oní-12 fólìtì títí, kò rí i, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti yọ bẹ́tìrì yín lọ o." Inú búùtù ló wà. Mo tún ní kó má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn kankan tó bá rí, torí iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá kì í ṣe iná họ́ọ̀nù. Ó wò mí, ó wo ọkọ̀ náà, ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ pe ọ̀gá òun wá ná.